Wọ́n yí ètò rédíò padà, olùgbọ́ fárígá: Ẹ̀kọ́ tí Xfm kọ́ àwọn ọlọ́jà

Láàárọ̀ kùtùkùtù ní Igbó-Elérin, kí ọjà tó gbèrò, rédíò ló máa ń kọ́kọ́ lanu. Aránṣọ á tan tirẹ̀ sórí tábìlì, onígbàjámọ̀ á yí tirẹ̀ sókè kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà bò ó mọ́lẹ̀, awakọ̀ dánfó tó ń kérò lọ sí Mile 2 á sì ti wá ibi tí wọ́n ti ń ka àwọn ìwé ìròyìn. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti yí i síbòmíràn. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ lè máa wá fújì tàbí orin àwọn ọ̀dọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Okokomaiko, ní Iba, àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, níbi tí ọjà Alaba International ti ń ta rédíò fún gbogbo Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà kékeré bá ti tu owó díẹ̀ jọ tó fẹ́ fi polówó ọjà rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sábà máa ń béèrè: "Rédíò wo ni èrò ń gbọ́ jù?" Ìbéèrè náà dára, kò tó ni. Iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan wà nílùú Lọ́ńdọ̀nù tí ìbéèrè yìí kan náà dà láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Xfm ni wọ́n ń pè é. Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn orin nìkan. Ìtàn oníṣòwò tó ní oníbàárà díẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú ni, tó wá ń wo èrò tó kún ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ta oúnjẹ àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe yóò rí ara wọn nínú rẹ̀.

Ìsọ̀ kékeré tó mọ oníbàárà rẹ̀

Orin tí Xfm yàn láàyò ni orin rọ́ọ̀kì tí àwọn òyìnbó ń pè ní alternative. Orin gìtá àti ìlù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn gbajúmọ̀ tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ẹgbẹ́ olórin kéékèèké tí rédíò ńláńlá kì í fún láàyè ni Xfm ń gbé sókè. Ká fi wé tilé wa, ó dà bí ìgbà tí iléeṣẹ́ rédíò kan ní Èkó bá sọ pé òun kò ní máa lu orin àwọn tó ti lórúkọ nìkan, pé àwọn ọ̀dọ́ olórin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbúròó ni òun fẹ́ máa gbé jáde.

Sammy Jacob àti Chris Parry ló wà nídìí ìdásílẹ̀ rẹ̀. Parry kì í ṣe àjèjì nínú òwò orin, nítorí òun ló ni iléeṣẹ́ àwo orin Fiction, tó gbé ẹgbẹ́ olórin The Cure jáde. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997 ni wọ́n ṣí Xfm lórí ìgbì 104.9 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kò bá wọn lára mu rárá. Ọjọ́ kejì tí Diana, ìyàwó àná fún ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ni, gbogbo ìlú ló ń ṣọ̀fọ̀. Ó dà bí ẹni ṣí ìsọ̀ tuntun lọ́jọ́ tí ọba ìlú wàjà.

Yàtọ̀ sí èyí, ìgbì wọn kò lágbára tó ti àwọn rédíò ńlá, kì í dé gbogbo igun Lọ́ńdọ̀nù dáadáa. Olùgbọ́ wọn kò pọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń gbọ́ wọn ń gbọ́ wọn tọkàntọkàn ni, torí pé wọn kò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ mìíràn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìfẹ́ oníbàárà nìkan kò san owó iná, kò san owó òṣìṣẹ́. Kò pé ọdún kan tí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dun iléeṣẹ́ náà. Ní 1998, iléeṣẹ́ Capital Radio, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù nínú òwò rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù, rà á.

Ọ̀gá tuntun dé, ọjà yí padà

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1998 ni Capital tún Xfm gbé jáde. Àwọn orin rọ́ọ̀kì tí etí ti mọ̀ dáadáa ló wá gba ọ̀sán, àwọn ẹgbẹ́ olórin kéékèèké sì di ará òru. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kan máa lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Ricky Gervais, tó ń bójú tó ètò ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀.

Inú bí àwọn olùgbọ́ àtijọ́. Wọ́n fárígá, wọ́n ní rédíò tí àwọn mọ̀ kọ́ nìyí mọ́. Ẹni tó bá ti ní bùkátéríà rí yóò mọ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Bí èrò bá ń wá síbẹ̀ nítorí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rírò, tí ọ̀gá tuntun wá gbé ìrẹsì dání ní ọ̀sán, tó ní alẹ́ nìkan ni ẹ̀fọ́ yóò máa wà, ẹni tó fẹ́ ẹ̀fọ́ kò ní dúró di alẹ́. Ẹni tó sì fẹ́ ìrẹsì ti ní ibi tó ti ń jẹ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé Capital kò mọ òwò. Ẹni tó bá fowó ra ìsọ̀ ní láti rí èrè níbẹ̀, ìsọ̀ tó bá sì ń jẹ gbèsè kò lè dúró bẹ́ẹ̀ títí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ohun tí oníbàárà torí rẹ̀ wá gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Nígbà tó yá, ìgbésẹ̀ iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n dà nù ló yẹ kí wọ́n dà nù. Ní 2001, Gervais padà sí Xfm pẹ̀lú Stephen Merchant àti Karl Pilkington. Ọdún yẹn náà ni eré tẹlifíṣàn tí òun àti Merchant ṣe, The Office, bẹ̀rẹ̀ lórí BBC. Ètò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbajúmọ̀ débi pé nígbà tí wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìparí 2005, iye àwọn tó gbà á sílẹ̀ gbé e wọ inú ìwé Guinness.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka olùgbọ́?

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí ọlọ́jà mọ bí wọ́n ṣe ń mọ iye ẹni tó ń gbọ́ rédíò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan tó ń jẹ́ RAJAR, tí BBC àti àwọn rédíò aládàáni jọ dá sílẹ̀ ní 1992, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n á yan àwọn èèyàn káàkiri ìlú, àwọn wọ̀nyí á sì máa kọ rédíò tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, pẹ̀lú àkókò tí wọ́n gbọ́ ọ. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èsì ń jáde. Ẹni tó bá gbọ́ rédíò kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olùgbọ́ rédíò náà ni wọ́n kà á sí.

Nǹkan méjì pàtàkì ló wà nínú èsì náà. Èkíní ni iye èèyàn tó gbọ́. Èkejì ni iye wákàtí tí wọ́n fi gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà èkíní nìkan ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ èkejì ló ń sọ bóyá ìpolówó ọjà yóò wọ èèyàn létí.

Ẹ jẹ́ ká fi bùkátéríà méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló yà ní bùkátéríà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ kan, tí oníkálukú wọn jẹ ẹ̀ẹ̀kan péré, abọ́ oúnjẹ 300 nìyẹn. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn péré ló yà ní ìkejì, ṣùgbọ́n tí wọ́n jẹ níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, abọ́ 400 ló tà. Ẹni tó bá dúró sójú títì tó ń ka orí yóò sọ pé bùkátéríà àkọ́kọ́ ló ń tà jù. Ẹni tó bá ka abọ́ ni yóò mọ òótọ́. Irú oníbàárà ẹlẹ́ẹ̀mẹrin bẹ́ẹ̀ ni rédíò kékeré gbẹ́kẹ̀ lé. Bó bá pàdánù ọ̀kan, kì í ṣe orí kan ló dín, wákàtí púpọ̀ ló lọ.

Ọ̀sán tí kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Xfm tún dán òmíràn wò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, nígbà tó ti wà lábẹ́ iléeṣẹ́ GCap, wọ́n yọ àwọn atọ́kùn kúrò lórí afẹ́fẹ́ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn olùgbọ́ fúnra wọn ni yóò máa yan orin. Èrò wọn ni pé íntánẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ ìgborin alápò ti jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa to orin wọn fúnra wọn, pé kí rédíò náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Lójú àkọ́kọ́, ó jọ ọgbọ́n. Owó tí wọ́n ń ná sórí atọ́kùn á dín kù, olùgbọ́ á sì rò pé òun ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kìkì orin láìsí ọ̀rọ̀ ti ní orin náà nínú àpò rẹ̀. Ohun tó mú un yí rédíò sí Xfm ni ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láàárín orin méjì, tó ń sọ ibi tí ẹgbẹ́ olórin náà ti wá, tó ń pa á lẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Iye olùgbọ́ lọ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2008, wọ́n ti dá àwọn atọ́kùn padà sí ọ̀sán.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ rédíò Yorùbá l'Ékòó kò ní yà á lẹ́nu. Àìmọye ló ń tẹ̀lé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láti iléeṣẹ́ kan dé òmíràn. Bí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn bá kó lọ síbòmíràn, wọ́n á bá a lọ. Àwọn aláté mọ èyí dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi máa ń fẹ́ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ polówó ọjà wọn, dípò ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìsọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó mọ orúkọ oníbàárà, tó mọ ìdíwọ̀n ṣòkòtò rẹ̀ láìwo ìwé, ara ọjà ni òun náà jẹ́. Ọ̀gá tó bá lé e nítorí àtidín owó oṣù kù lè rí i pé àwọn oníbàárà kan ti bá a lọ.

6 Music: kékeré tí wọn kò rí pa

Ní ìlú kan náà, rédíò mìíràn tó ń lu irú orin yìí rìn lọ́nà tó yàtọ̀. BBC dá 6 Music sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2002. Kò sí lórí FM rárá. Ẹni tó bá ní rédíò dígítà, tẹlifíṣàn dígítà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ní 2010, ìwádìí fi hàn pé bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì péré ló mọ̀ pé ó wà. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà, àwọn aláṣẹ BBC gbé àbá kalẹ̀ pé kí wọ́n tì í pa.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, àwọn olùgbọ́ rẹ̀ dìde. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n wọ́de, olórin bíi David Bowie gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn tí kò gbọ́ ọ rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri láti mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Nígbà tí RAJAR gbé èsì oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2010 jáde, olùgbọ́ 6 Music ti kọjá mílíọ̀nù kan lọ́sẹ̀. Ní oṣù Keje, ìgbìmọ̀ tó ń darí BBC nígbà náà kọ àbá náà. Rédíò kékeré yìí kò kú. Ní 2014, iye olùgbọ́ rẹ̀ kọjá ti Radio 3, iléeṣẹ́ BBC tó ti lọ́jọ́ lórí jù ú lọ fíìfíì.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé owó tí aráàlú ń san fún BBC ló ń bọ́ 6 Music, kì í ṣe owó ìpolówó ọjà. Ó lè ní sùúrù tí aládàáni kò lè ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò nílò owó ìjọba: àìmọ̀ ló ń pa á tẹ́lẹ̀, kì í ṣe àìdára. Kò yí orin rẹ̀ padà kí èrò tó pọ̀. Ńṣe ni àwọn èèyàn wá mọ̀ pé ó wà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Igbó-Elérin ló ń ronú láti yí ọjà padà, nígbà tó jẹ́ pé pátákó ara ìsọ̀ rẹ̀ gan-an kò ṣeé kà láti òdìkejì títì.

Nígbà tí òṣùwọ̀n yí padà

Ní Los Angeles, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, rédíò rọ́ọ̀kì kékeré mìíràn wà tó ń jẹ́ Indie 103.1. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Steve Jones, olùta gìtá ẹgbẹ́ Sex Pistols, wà lára àwọn atọ́kùn rẹ̀, ó sì ń lu ohun tó wù ú. Ní 2008, iléeṣẹ́ Arbitron, tó ń ka olùgbọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, yí ọ̀nà ìkàyé padà ní ìlú náà. Tẹ́lẹ̀, èèyàn máa ń kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé ni. Ọ̀nà tuntun ni pé wọ́n fún àwọn tí wọ́n yàn ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n á fi há ara. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ àmì tó fara pa mọ́ nínú ìgbì rédíò, ó sì ń kà á fúnra rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé máa ń rántí rédíò tó fẹ́ràn. Ẹ̀rọ kò mọ ìfẹ́. Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí rédíò ńlá kan ti ń ké, ẹ̀rọ á kà á mọ́ ti rédíò ńlá náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, Indie 103.1 kúrò lórí FM, ó kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ elédè Sípéènì sì gba ipò rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀, ó mẹ́nu ba ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń ka olùgbọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tó fà á.

Kí ọlọ́jà tó sọ pé ọjà òun ti bà jẹ́, kó kọ́kọ́ wo ohun tó fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ ọdún Iléyá wé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e yóò rò pé òun ti wọ gbèsè. Ẹni tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tó sì ń fi oṣù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílé-ìwé wé oṣù ìsinmi wọn, ti fi òṣùwọ̀n méjì wọn gàrí kan.

L'Ékòó, ìsọ̀ kejì ni wọ́n ṣí

Nílé níbí, Òfin 38 ti ọdún 1992 ló dá àjọ NBC sílẹ̀, tó sì ṣílẹ̀kùn rédíò fún àwọn aládàáni. Ray Power 100.5, ti iléeṣẹ́ DAAR tí Raymond Dokpesi dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ òwò ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, ọdún mẹ́ta gééré ṣáájú Xfm. Òun ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, rédíò ti pọ̀ l'Ékòó, oníkálukú sì ń wá oníbàárà.

Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí ọgbọ́n kan tí àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí l'Ékòó dá. Àwọn tó ni Cool FM 96.9 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1998. Nígbà tí wọ́n rí i pé awakọ̀, ọlọ́jà àti mẹkáníìkì fẹ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, wọn kò sọ Cool FM di elédè pijin. Ńṣe ni wọ́n dá Wazobia FM 95.1 sílẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2007. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dá Nigeria Info 99.3 sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ìròyìn àti àríyànjiyàn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní Radio Lagos 107.5 tó ń sọ Yorùbá, ó sì ní Eko FM 89.75 tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Iléeṣẹ́ DAAR pàápàá, nígbà tó fẹ́ rédíò orin ìbílẹ̀ àti fàájì, kò fọwọ́ kan 100.5. Ìgbì rẹ̀ kejì, 106.5, tó ti ń jẹ́ Raypower 2, ló sọ di Faaji FM, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ pé ọjà mìíràn ló wà níbẹ̀.

Ohun tí Capital kò ṣe ní 1998 nìyí. Ó gba ọjà ọ̀tọ̀ wọlé, ó sì fi orúkọ Xfm sílẹ̀ lára pátákó. Xfm fúnra rẹ̀ ṣe é níkẹyìn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Radio X, wọ́n gbé Chris Moyles, gbajúmọ̀ atọ́kùn tó ti wà ní BBC tẹ́lẹ̀, wá fún ètò àárọ̀, wọ́n sì sọ gbangba pé àwọn ọkùnrin ni àwọn ń fojú sùn jù. Ìgbì dígítà sì gbé e káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùgbọ́ rẹ̀ wá pọ̀ ju ti Xfm lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé orúkọ nìkan ló fà á, torí pé ibi tí ìgbì rẹ̀ ń dé náà fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ ibẹ̀ tó lè ní wọ́n tan òun jẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ẹni tó bá fẹ́ eku méjì, pàkúté méjì ni kó dẹ.

Kí ni ọlọ́jà lè mú ṣe?

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ owó ìpolówó. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo aránṣọ kan ní Igbó-Elérin. Ká ní rédíò ńlá kan gba ₦20,000 lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn gbọ́ ìpolówó náà, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé mẹ́wàá péré nínú wọn ló ń gbé ní Iba, Okokomaiko tàbí Igbó-Elérin. Ká ní rédíò kékeré gba ₦6,000, tí ọgọ́rùn-ún èèyàn péré gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí ogójì nínú wọn jẹ́ ará àdúgbò. Ní ti àkọ́kọ́, ₦2,000 ni aránṣọ ná kí etí kan tó lè rìn wá sí ìsọ̀ rẹ̀ tó gbọ́. Ní ti èkejì, ₦150 ni. Àpẹẹrẹ lásán ni owó wọ̀nyí o, àmọ́ ìṣirò yẹn ló yẹ kí ọlọ́jà ṣe kó tó sanwó. Ẹni tó ń fi ọjà ránṣẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀ lè nílò rédíò ńlá. Ẹni tó ń gẹ irun kò nílò ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú.

LASU ní rédíò tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lórí ìgbì 95.7. Ẹni tó bá ń ta ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń rà yẹ kó mọ̀ pé ó wà. Òfin NBC ló ń darí rédíò ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà kí ọlọ́jà kọ́kọ́ béèrè irú ìkéde tí wọ́n lè gbà. Abèèrè kì í ṣìnà. Kó má sì gbàgbé pé láti 2022 ni òfin ARCON ti rọ́pò ti APCON, pé ìpolówó ọjà gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kó tó jáde. Ẹni tó ń ta oúnjẹ alágolo, àgbo tàbí ohun ìṣaralóge ní láti rí NAFDAC pẹ̀lú.

Èkejì, kí ọlọ́jà béèrè àkókò, kó má béèrè rédíò nìkan. Àárọ̀ tí ọkọ̀ há sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry yàtọ̀ sí ọ̀sán tí àwọn obìnrin ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù. Ètò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń tẹ̀ lé ni kó fi ìpolówó sí, kì í ṣe èyí tó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kó ní ìwé tirẹ̀. Ohun tí RAJAR ń ṣe fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju bíìrò àti ìwé lọ ní ìsọ̀ kan. Fún ọjọ́ méje, kó máa bi gbogbo ẹni tó wọlé pé: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Kó kọ ọ́ sílẹ̀. Kó fi àmì sí ẹni tó ti wá rí, kó sì kọ iye ìgbà tó wá. Kó ṣe é kí ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀, kó tún ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, nínú irú ọ̀sẹ̀ kan náà. Bó bá lè lo nọ́ńbà fóònù ọ̀tọ̀ fún ìpolówó rédíò, iye ìpè tó wọlé á sọ òótọ́ fún un.

Ẹ̀kẹrin, bó bá fẹ́ yí nǹkan padà, kó kọ́kọ́ bi àwọn oníbàárà ẹlẹ́ẹ̀mẹrin rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń wá. Ó lè jẹ́ ọjà náà. Ó lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń dá wọn lóhùn. Ó sì lè jẹ́ pé ó máa ń ṣí ní aago mẹ́fà àárọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń sùn. Ohun tí wọ́n bá dárúkọ, kó má fọwọ́ kàn án. Ìyókù ló lè yí padà. Bí ọjà tuntun tó fẹ́ gbé wọlé bá sì jẹ́ ti irú èèyàn mìíràn, kó wá igun ọ̀tọ̀ fún un, ìbáà ṣe tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kó fún un lórúkọ tirẹ̀, kó wo bó ṣe máa tà fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dí ọ̀nà tí èrò ti mọ̀ kó tó la òmíràn gbọ́dọ̀ mọ iye ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìwé àti bíìrò tí yóò fi kà wọ́n kò wọ́n ní Igbó-Elérin.